Ẹni Tó Ń Kà Tí Kì Í Fọhùn

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ yẹn ti ń dẹwọ́ díẹ̀? Èmi wà pa. Ìbàdí mi ṣì ń yọ mí lẹ́nu nígbà tí mo bá fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dìde tán, wàhálà parí nìyẹn.

Mo mọ̀ pé o ó máa sọ pé kí ló dé tí bàbá yìí kò kúkú gbé fóònù. Ìwọ náà mọ ìdí rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìjà la fi ń parí rẹ̀. Bí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀, màá lè fa igi lé èyí tí kò dára kí Ìyá Kọ̀ǹpútà tó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí ọ. Ìyá Kọ̀ǹpútà ni obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tó dojú kọ ilé wa. Òun náà ló ń bá mi tọ́jú búlọ́ọ̀gù.

Búlọ́ọ̀gù yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Láti ìgbà tí mo ti ti ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mi pa, iṣẹ́ tó kù fún mi nìyẹn. Mo ń fi bírò kọ ìtàn àwọn nǹkan tí mo kàn, àga, bẹ́ẹ̀dì, ilẹ̀kùn, àti ìtàn àwọn tó ni wọ́n, Ìyá Kọ̀ǹpútà á sì gbé e sórí ayélujára. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi ibì kan hàn mí tí ẹ̀rọ náà ti ń ka iye àwọn tó wọlé. Ó yà mí lẹ́nu. Àwọn tó ń kà mí pọ̀ ju àwọn ará àdúgbò wa lọ! Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń sọ nǹkan kan. Àyè wà lábẹ́ ìtàn kọ̀ọ̀kan tí èèyàn lè kọ ọ̀rọ̀ sí. Òfìfo ni gbogbo rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, tó jókòó lórí gbogbo àga tó wà níbẹ̀, tó fọwọ́ pa tábìlì, tó sì jáde láì sọ pé "ẹ kú iṣẹ́."

Ẹ̀rọ náà tún ń fi ìlú tí oníkálukú wà hàn, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń kà á láti ìlú tí o wà. Bí a bá gbé ìtàn síta lónìí, láàárọ̀ ọ̀la ni ẹni náà ti kà á. Kò fo ọ̀kan rí. Ìyá Kọ̀ǹpútà ní, "Bàbá, ta lẹ ní níbẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ta ni mo tún ní?"

Inú mi dùn, ọmọ mi. N kò mọ̀ pé o ń ráyè tèmi tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ìwọ náà ń kà tí o kì í fọhùn? Kọ nǹkan sí i, kí àwọn yòókù lè rí i pé kò le. Ìwọ tí o mọ ọ̀nà orí ayélujára, báwo la ṣe ń mú kí àwọn tó ń kàwé ẹni láìfọhùn la ẹnu?

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìnira ìbàdí. Ẹ má bínú pé èsì mi pẹ́, iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Ní ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn tí mo wà, èèyàn méjì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, èmi ni mo ń ṣe tiwọn mọ́ tèmi. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì á máa bọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù tí wọ́n ń fọwọ́ tì láti òkè, à ń tú u, à ń fọ̀ ọ́, à ń lọ̀ ọ́, à ń ká a. Kí a tó gbórí sókè, kẹ̀kẹ́ mìíràn ti dé. Bí mo bá délé, oúnjẹ àti oorun nìkan ni mo mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, mo ń kà á. Gbogbo rẹ̀ pátá. Ẹ mọ̀ mí, n kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ níbi tí gbogbo ayé ti ń wò, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbúròó mi.

Ní ti àwọn tó ń kà tí wọn kì í sọ̀rọ̀, bí gbogbo búlọ́ọ̀gù ṣe rí nìyẹn, kì í ṣe tiyín nìkan. Ẹ máa fi ìbéèrè parí ìtàn yín, èyí tó rọrùn láti dáhùn. Ẹnikẹ́ni tó bá fọhùn, ẹ tètè dá a lóhùn. Kí ẹ sì máa sọ nípa ara yín náà, kì í ṣe nípa igi nìkan. Bí wọ́n bá rí inú yín, àwọn náà á sọ tiwọn.

Ìyàwó mi ní kí n kí yín.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

O ṣé fún ìmọ̀ràn. Mo ti lò ó, jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Mo fi ìbéèrè parí ìtàn tó tẹ̀ lé e. Mo ní, "Àga wo ló wà nílé yín tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jókòó lé?" Ọjọ́ díẹ̀ sí i, Ìyá Kọ̀ǹpútà sáré wọlé bá mi. "Bàbá, ẹnì kan ti fọhùn!" Díẹ̀ ló kù kí n gbàgbé ọ̀pá mi. Ọkùnrin kan ni. Ó ní ìtàn mi dára púpọ̀, ó sì ní òun ní oògùn tó ń mú irun hù lórí apárí. Ìwọ lo ní kí n tètè dá ẹni tó bá fọhùn lóhùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ṣàlàyé fún un pé irun tèmi kò tíì lọ tán, mo sì bi í pé irú àga wo ló wà nílé tirẹ̀. Kò padà wá. Ìyá Kọ̀ǹpútà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ kó tó sọ fún mi pé ẹ̀rọ ló kọ ọ́, kì í ṣe èèyàn.

Ẹni ìlú tí o wà ti kà á láàárọ̀ ọjọ́ kejì bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo rí ọ.

O ní kí n máa sọ nípa ara mi. Ọ̀rọ̀ kan wà. N kò fẹ́ kọ ọ́ sínú lẹ́tà, torí bí bàbá bá kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọmọ tó wà lókè òkun, wọ́n á ní ó ń tẹ́wọ́, n kò sì fẹ́ tẹ́wọ́. Orí búlọ́ọ̀gù ni màá gbé e sí. Níbẹ̀ gbogbo èèyàn lè rí i, kò sì ní dà bí ẹni pé ẹnì kan ni mò ń bẹ̀. Fara balẹ̀ kà á. Màá fi ìbéèrè parí rẹ̀ bí o ṣe kọ́ mi.

Ní ti ẹni tó ní kí o kí mi, mo ti sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Ẹni tí o kò fi hàn mí kí o tó gbé e níyàwó, má fi kí mi lẹ́yìn tí o gbé e tán.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹrin

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àìgbúròó. Mo mọ̀ pé mo tún pẹ́. Páìpù omi ló bẹ́ ní kíṣìnnì wa, omi kún ilẹ̀ títí dé yàrá, onílé sì ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la. Níbi iṣẹ́, wọ́n ra ẹ̀rọ ìlọṣọ tuntun, èmi ni wọ́n ní kí n máa darí rẹ̀. Ẹ bá mi dúpẹ́.

Ìtàn tí ẹ gbé síta kẹ́yìn yẹn, háà, Bàbá, ó dùn! Mo rẹ́rìn-ín títí. Ẹ mà mọ̀ ọ́n kọ o. Ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣì máa fọhùn.

Mo fi ṣẹ́ẹ̀tì kan rán ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ tó ń bọ̀ nílé. Aláwọ̀ búlúù ni. Ẹ sọ fún mi bóyá ó bá yín mu.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Ẹni tó mú ṣẹ́ẹ̀tì wá ti dé. Ó bá mi mu. Mo dúpẹ́.

Mo gbọ́ pé o rẹ́rìn-ín. Mo ní kí Ìyá Kọ̀ǹpútà ka ibẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kejì, torí mo rò pé ó ṣì í kà ni. Kò ṣì í kà.

Mo dúró de èsì. Kì í ṣe ti gbogbo ayé ni mò ń dúró dè. Ẹni ìlú tí o wà kà á láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó padà wá kà á lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó tún padà wá. Ìyá Kọ̀ǹpútà fi hàn mí. Kò sọ nǹkan kan. Mo wá sọ fún ara mi pé, ẹni tó kà á lákàtúnkà tí kò ní kí n lọ, ó ní kí n jókòó nìyẹn. Mo jókòó.

Má yọ ara rẹ lẹ́nu nítorí búlọ́ọ̀gù mọ́.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Mo ti pè yín títí, ẹ kò gbé fóònù. N kò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́. Èmi kọ́ ni mò ń kà á.

Yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ níbi iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín. Mo kọ́kọ́ rò pé ṣẹ́ẹ̀tì yẹn ni kò tẹ́ yín lọ́rùn. Mo wá búlọ́ọ̀gù yín lórí fóònù, ó sì pẹ́ kí n tó rí i, torí n kò ṣí i rí. Ẹ gbọ́ mi, Bàbá, n kò ṣí i rí. Láti ìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń sọ pé màá kà á lópin ọ̀sẹ̀, òpin ọ̀sẹ̀ ń dé, ó ń lọ. Nígbà tí ẹ wá ní ẹnì kan ń kà á láti ìlú yìí, tí inú yín sì dùn tó bẹ́ẹ̀, ó rọ̀ mí lọ́rùn láti jẹ́ ẹni yẹn.

Mo ti wá kà á. "Ojú Mi Òsì" lẹ pè é. Ẹ ní ẹ gbé pákó kan sókè láti wò ó bóyá ó gún, ẹ rò pé pákó ló tẹ̀, kí ẹ tó mọ̀ pé ojú yín ni. Ẹ ní dókítà sọ pé omi inú ojú yín ti pọ̀ jù, pé ó ń ti ẹyinjú láti inú, pé kí ẹ tètè wá kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ti òsì kó tó fọ́. Ẹ ní ẹ̀rù ọ̀bẹ ń bà yín. Ìbéèrè tí ẹ fi parí rẹ̀ ni pé, "Ṣé kí n lọ, àbí kí n jókòó? Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́nà jíjìn, ẹ dá mi lóhùn." Lábẹ́ rẹ̀, òfìfo. Èmi sì kọ̀wé sí yín pé mo rẹ́rìn-ín.

Kẹ̀kẹ́ aṣọ dé, n kò lè dìde. Ọ̀gá mi ní, "Ṣé ara rẹ kò yá ni?" Aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ni mò ń fọ̀ lójoojúmọ́, Bàbá.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ń gé àlùbọ́sà ní kíṣìnnì. Mo ní, "Ojú Bàbá ń fọ́ lọ."

Ó ní, "Mo rò pé o ti mọ̀."

Mo ní, "Ta ló sọ fún ìwọ?"

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Àwọn fúnra wọn ni. Èmi ni mò ń kà á."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ṣebí ìwọ lò ń sọ fún wọn pé ò ń kà á. Mo bi ọ́ lọ́jọ́ tí mo ka ti ojú wọn pé Bàbá ńkọ́, o ní wọ́n wà dáadáa. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì ni, pé o kò fẹ́ kí n dá sí i."

Mo gbé fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè yín.

Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lónìí. Ẹ máa bínú sí mi lọ, ó tọ́ sí mi, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ni kí ẹ ti máa bínú. Mo ti tọrọ àyè níbi iṣẹ́ kí n lè wálé, wọn kò tíì dá mi lóhùn.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù karùn-ún

Bàbá wa,

Ẹ kú ìrọ́jú. Èmi ni ìyàwó ọmọ yín. Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ kí n kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya lẹ́tà yìí kí ẹ tó kà á tán.

Ilé ìdáná ilé-ìwé kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ àárọ̀ ni mo máa ń wọ̀, inú rẹ̀ ni mo sì ti ń kà yín. Ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ fi búlọ́ọ̀gù ránṣẹ́, ọkọ mi fi hàn mí, ó ní òun á kà á tó bá yá. Èmi kà á lọ́jọ́ náà. Inú yàrá tí a háyà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, Bàbá. Àga onílé, bẹ́ẹ̀dì onílé, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń sọ fún wa pé ká má họ ọ́ lára. N kò mọ̀ pé èèyàn lè mọ ẹni tó kan àga tó jókòó lé. Ìtàn ìyá àgbà tó ní kí ẹ gé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì òun kúrú kí ẹsẹ̀ òun lè máa kanlẹ̀, ó wọ̀ mí lára débi pé mo kọjá ibi tí mo ti ń sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí mo ka ti ojú yín, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ lọ, Bàbá." Mo wò ó títí. Mo ní bí wọ́n bá béèrè pé ta nìyí, kí ni màá pe ara mi? Mo pa á rẹ́. Lọ́jọ́ kejì mo tún kọ ọ́, mo tún pa á rẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí ẹ bá mọ̀ pé èmi ni, ẹ ò ní lọ, kìkì nítorí pé èmi ni mo sọ ọ́. Mo ń pe ìyẹn ní ọgbọ́n nígbà náà. Ní báyìí mo mọ̀ pé ìtìjú ara mi ni mò ń tọ́jú, kì í ṣe ojú yín. Gbólóhùn kan péré ló ń bẹ lọ́wọ́ mi, n kò fi sílẹ̀ fún yín. Mo ń rò ó bí mo ti ń fọ ìkòkò, mo ń rò ó nínú ọkọ̀.

Ẹ forí jì mí. Ẹ lọ, Bàbá. Mo ti wá sọ ọ́ o, bó tilẹ̀ pẹ́.

Ìyàwó ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà

Ẹ̀yin méjèèjì,

Mò ń sọ ọ́, Ìyá Kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kí n má tíì tẹjú mọ́ ìwé.

Mo lọ. Dókítà yẹ̀ mí wò, ó ní, "Bàbá, bó bá jẹ́ pé ìgbà tí mo ní kí ẹ wá..." kò parí rẹ̀, ó yíjú sí ibòmíràn. Ojú òsì ti lọ. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ti ọ̀tún, ó ṣì ń ríran, oògùn ni màá máa kán sí i títí ayé mi. Ọ̀bẹ tí mò ń sá fún náà kò dùn mí rárá. Mo pẹ́ kí n tó kọ̀wé nítorí ojú, mo sì pẹ́ nítorí pé inú ń bí mi.

Ìwọ ọmọ mi, màá sọ ọ́ bó ṣe rí. Pé o kò kà á kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ bíi tìrẹ lè máà ráyè ìtàn àga. Ṣùgbọ́n o jẹ́ kí n máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Gbogbo nǹkan tí mo kọ láti oṣù kejì, ìwọ ni mò ń kọ ọ́ sí, bí mo bá ti kọ gbólóhùn kan, màá ní, "Á mọ ohun tí mò ń sọ." N kò lè sọ pé ó ti tán nínú mi. Nígbà tó bá tán, màá sọ fún ọ.

Síbẹ̀, n kò ní di gbogbo ẹ̀bi náà rù ọ́. Ó yẹ kí n bi ọ́ léèrè. Mo fẹ́ kó jẹ́ ìwọ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi bi ọ́ nípa ìtàn kan ṣoṣo, torí ẹ̀rù ń bà mí pé o lè máà mọ̀ ọ́n.

Ìyàwó mi. Ìyá Kọ̀ǹpútà gbójú sókè wò mí nígbà tí mo pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Èmi ni mo ti ẹnu rẹ pa. Mò ń bẹ gbogbo ayé kí wọ́n fọhùn, ẹnì kan ṣoṣo tó ń gbọ́ mi ni mo ní kó má kí mi. Ìbínú tí mo ní sí ọkọ rẹ ni mo sọ lé ọ lórí. Má gbé ọ̀rọ̀ ojú mi rù, èmi ni mo ni ẹsẹ̀ tó yẹ kó gbé mi lọ. Kọ̀wé sí mi nígbàkúùgbà tó bá wù ọ́. Ìyá àgbà oníbẹ́ẹ̀dì yẹn, n kò kọ gbogbo ìtàn rẹ̀. Lẹ́yìn tó kú, ọmọ rẹ̀ ní kí n bá òun fi igi kún ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà kó lè ga padà. Mo ní n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Irọ́ ni mo pa, mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa.

Ọmọ mi, bí wọ́n bá fún ọ láyè níbi iṣẹ́, máa bọ̀. Ìwọ ni màá ní kó ka àwọn ìtàn náà fún mi.

Bàbá yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹjọ

Ìyàwó mi ọ̀wọ́n,

Ṣé o wà dáadáa? Mo dé láyọ̀. Bàbá ń kí ọ. Wọ́n ní lẹ́tà rẹ tó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá kúrú jù.

Ẹnu ọ̀nà ni mo ti bá wọn. Ṣẹ́ẹ̀tì búlúù yẹn ni wọ́n wọ̀. Wọ́n ní láti yí gbogbo orí kí wọ́n tó rí mi tán. N kò mọ ibi tí màá fojú sí. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́." Wọ́n ní, "Gbé àpótí rẹ wọlé ná."

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń kàwé. Bí a bá jẹun ọ̀sán tán, wọ́n á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n á di ojú, èmi á máa kà láti orí fóònù. Bí mo bá ń kánjú, wọ́n á ní, "Ta ló ń lé ọ?" Ìtàn kan wà níbẹ̀ nípa tábìlì kékeré tí wọ́n kàn fún ọmọkùnrin kan tó ń kọ̀wé lórí ilẹ̀, tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ohun tó ń kọ. Mo kà á jìnnà kí n tó mọ̀ pé èmi ni. Mo wo Bàbá. Wọn kò la ojú. Ìwọ ti mọ̀ nípa tábìlì yẹn láti ọdún tó kọjá, àbí? O mọ̀ mí níbi tí n kò ti mọ ara mi.

Lánàá a dé orí "Ojú Mi Òsì". Mo ní ká fò ó. Wọ́n ní rárá. Mo kà á, mo dé ibi ìbéèrè yẹn, mo dúró.

Bàbá ní, "Mo béèrè nǹkan níbẹ̀."

Mo tún ìbéèrè náà wò lórí fóònù.

"Ìbéèrè ni. Dá mi lóhùn."

Mo ní, "Ẹ lọ, Bàbá. Ẹ lọ lónìí. Ẹ má bẹ̀rù ọ̀bẹ."

Wọ́n wá ní, "Ó ti pẹ́ jù."

Mo ní, "Mo mọ̀."

"Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ." Wọ́n na ọwọ́, wọn kò sì la ojú, ìka wọn kọ́kọ́ ba apá àga kó tó ba ọwọ́ mi. Wọ́n dì í mú. "Ó yá, ka èyí tó kàn."

Ọkọ rẹ.